Ìka Kan Nítorí Ilé Sàlámì

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni Balógun Sàkàrìyáù pe ìgbìmọ̀ ogun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ìkòtún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín pé mo pè é ní ìgbìmọ̀ ogun. Lọ́dún 1975 tí à ń wí yìí, owó epo rọ̀bì ti ń ya wọ̀lú bí àgbàrá, ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì wá tò lọ súà lẹ́nu èbúté Èkó, wọn ò ríbi já a sí, gbogbo ẹni tó gba owó àfikún oṣù Údójì ló sì fẹ́ kọ́lé. Ogun abẹ́lé ti parí lọ́dún márùn-ún ṣáájú. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó borí, kò sẹ́ni tí wọ́n borí, kí oníkálukú máa lọ sílé rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí kò nílé ńkọ́? Àwọn yẹn ló bọ́ sọ́wọ́ Balógun.

Ọ̀kan nínú wọn ni Jàfárù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó ti jẹ́ sájẹ́ǹtì lójú ogun. Nígbà tó dé Èkó, ibi tí ọta ìbọn gbà wọ ìbàdí rẹ̀ ṣì ń dùn ún, kò sì ní ju bàtà ológun kan tó ti lu lọ. Balógun fún un ní yàrá, ó fún un ní oúnjẹ, ó tọ́jú rẹ̀ títí ó fi lè rìn láìtiro. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé Kùránì, ó fi ahọ́n kan irin àdá, ó sì búra níwájú ogójì ọkùnrin pé: "Bí mo bá yẹ̀ lẹ́yìn Sàkàrìyáù, kí irin má ṣe mọ̀ mí lójú, kí ìwé yìí má ṣe gbè mí." Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣáájú wọn lójú ìjà.

Ẹgbẹ́ Aṣọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn. Bí ẹ bá bi àwọn ará ọjà Ìkòtún nígbà náà, wọn á ní kò sólè níbẹ̀, òótọ́ sì ni, nítorí olè tí Ẹgbẹ́ bá mú kì í tún fi ọwọ́ yẹn jalè mọ́. Bí ọkọ obìnrin kan bá kú, ìrẹsì á dé ilé opó náà kí wọ́n tó ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Bí ìyàwó àti ìyáálé bá jà, Balógun ni wọ́n ń gbé e lọ bá, àwọn ọlọ́pàá pàápàá a sì máa wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi ń nu omijé opó náà ni wọ́n fi ń wólé onílé. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ẹ̀bọ́lọ̀ kó má rùn ìgbẹ́.

Nígbà tí Balógun jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, gbogbo wọn dìde, wọ́n kí i bí wọ́n ṣe máa ń kí i: "Sàkàrìyáù, ọmọ onílẹ̀ tí í lé àlejò bí ẹni lé adìẹ! Àgbàrá òjò tí í gbé oko tòun ti olóko!" Ó jókòó, ó ṣí fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Àgbàlagbà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í sókè.

Ó ní, "Ilẹ̀ ẹ̀yìn odò ní Ìgándò ni. Ilé mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú ló tà á fún wọn, kò sì bi ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Ilẹ̀ náà ti lólówó tuntun báyìí. A fẹ́ kí wọ́n dìde. Ẹ dámọ̀ràn."

Àmúsà ló kọ́kọ́ dáhùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Àmúsà, kò dé ojú ogun rí, ìdí nìyẹn tí ojú ogun fi ń wù ú. Ó ní, "Bàbá, kí la ń dámọ̀ràn sí? Típà méjì, kẹ́rosínì, ìṣẹ́jú ọgbọ̀n péré. Ta ló wà níbẹ̀ tó lè dá wa dúró? Aránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan ni wọ́n fi ṣe olórí, jàre."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Jàfárù kò rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan tó kọ́lé sí Ìgándò kò ju ẹyọ kan lọ láyé yìí, Sàlámì ni. Lọ́dún kẹta ogun, nígbà tí ọta gbé Jàfárù ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kan, tí gbogbo ikọ̀ rẹ̀ sá fi í sílẹ̀, Sàlámì ló padà wá pọ̀n ọ́n. Máìlì méjì ló fi pọ̀n ọ́n bí ìyá ṣe ń pọ̀nmọ. Lójú ọ̀nà ni ọta ba Sàlámì náà lẹ́sẹ̀. Kò sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọsibítù, ẹsẹ̀ ti rà, wọ́n sì gé e lókè orúnkún.

Ó yẹ kí Jàfárù sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó yẹ kó ní, "Bàbá, ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀." Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ogójì ọkùnrin ló sì jókòó tí wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó wá bá ọ̀nà ẹ̀yìn yọ.

Ó ní, "Bàbá, bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Bí a bá sun ilé, ìwé ìròyìn á gbé e. Ẹ jẹ́ ká dó tì wọ́n. Ọ̀nà méjì péré ló wọ ibẹ̀, ọ̀nà odò àti ọ̀nà Ìdímù. Ká dí ọ̀nà odò, kí wọ́n má ríbi pọnmi. Ká ṣí ọ̀nà Ìdímù sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ jáde. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ilé á ṣófo, kò sẹ́ni tó máa fara pa."

Balógun dé fìlà rẹ̀ padà. Ó ní, "Sájẹ́ǹtì mọ ogun. Ìwọ ni kó o ṣáájú wọn."

Lọ́jọ́ Sátidé, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìkòtún lọ sí Ìgándò, ogójì ọkùnrin, méjì méjì, láìsọ̀rọ̀, bí Jàfárù ṣe kọ́ wọn. Ìrì ṣì wà lórí ewé gbágùúdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọ́n gé igi dí ọ̀nà odò, wọ́n dáná, wọ́n jókòó. Kò sí ìjà kankan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin á gbé garawa rẹ̀ wá, á dúró wò wọ́n, á padà. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Mọ́ńdè, ilé méje ti kó jáde gba ọ̀nà Ìdímù, wọ́n ru bẹ́ẹ̀dì lórí. Ilé Sàlámì kò mì. Jàfárù ń gbúròó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ odò, ó ń lọ kíríkírí, ó ń dúró, ó ń lọ. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á lọ bá a. Kò lọ.

Àárọ̀ Mọ́ńdè yẹn náà ni iṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ Balógun: ẹni tó ra ilẹ̀ kò ní sùúrù mọ́. Kí wọ́n padà sí Ìkòtún wá gun típà; ní ọjọ́ Túsìdeè, kí oòrùn tó kan àtàrí, kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ń ṣọ́ ibì kan sí i ní Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí àwọn ará Jàpáànì ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ páànù. Ní ọ̀sán Mọ́ńdè, Jàfárù lọ wo àwọn ọmọ tó fi síbẹ̀, ó sì bá ẹnjiníà wọn lábẹ́ igi fúrúǹtù tó ń jẹun. Mórítà lorúkọ rẹ̀, ó ti lé lógójì ọdún, ó ń sọ gẹ̀ẹ́sì tó ń kọsẹ̀, Jàfárù náà ń fi tirẹ̀ tó ń tiro dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì a sì máa yé ara wọn.

Mórítà ní, "Ojú rẹ kò dáa lónìí. Bàbá yín bá ọ wí ni?"

Jàfárù ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé bàbá là ń pè é?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní irú wọn wà nílùú òun náà, yákúsà ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ń pe ọ̀gá wọn ní bàbá, wọ́n ń mu ọtí ìbúra, wọ́n sì ń fín gbogbo ẹ̀yìn wọn. Wọ́n ní ọ́fíìsì, wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà, ọlọ́pàá mọ ibẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì jó ìlú òun kanlẹ̀, òun ṣì kéré, kò sí ìjọba tó rí ti ọjà rò, àwọn wọ̀nyí ló ń ṣọ́ ọjà, tí wọ́n sì ń wá oúnjẹ wọlé. Lẹ́yìn náà, àwọn olówó kíyè sí i pé wọ́n wúlò. Bí ẹni kan kò bá fẹ́ kúrò lórí ilẹ̀, àwọn ni wọ́n ń rán sí i.

"Ẹ máa ń rò pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló wí.

Jàfárù bi í pé, "Bí ẹnì kan bá fẹ́ bẹ bàbá yẹn ní ohun tó le, báwo ló ṣe ń ṣe é?"

Mórítà gbé ọwọ́ òsì sókè, ó fi ọwọ́ kejì mú ìka ọmọńdinrín. "Àbúrò ìyá mi kò ní èyí. Ó gé e, ó fi aṣọ funfun wé e, ó gbé e fún bàbá wọn."

"Bàbá náà gbà?"

"Ó gbà. Ó jẹ́ dandan kó gbà."

Ó fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n fèrè iṣẹ́ dún, ó kó abọ́ rẹ̀, ó lọ. Jàfárù náà kò dá a dúró. Kò béèrè ohun tí àbúrò ìyá rẹ̀ tọrọ. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í bi koríko tó bá dì mú bóyá ó ní gbòǹgbò. Dandan kó gbà ni Jàfárù gbọ́, òun ló sì gbé lọ sí Ìgándò.

Sàlámì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kùkúté ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí pẹpẹ, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Nímọ́tà ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń wà á, oyún oṣù keje wà níkùn rẹ̀. Bí Sàlámì ṣe rí Jàfárù, ó rẹ́rìn-ín.

"Sájẹ́ǹtì! Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń rí fìlà rẹ lọ́nà odò. Mo ní ṣé ó ń bọ̀ wá kí mi ni, àbí ó ń bọ̀ wá pa mí ni?"

"Má bá mi ṣeré, Sàlámì."

"Ẹ̀rín ni mo ń rín, kì í ṣe eré. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín in. Ẹ̀gbọ́n Balógun ló ta ilẹ̀ yìí fún mi. Ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí. Owó ẹsẹ̀ mi tí ìjọba fún mi ló bá a lọ, o mọ̀."

Jàfárù mọ̀. Kò lè gbójú sókè. Ó ní, "Wọ́n ní kí wọ́n wó o lọ́la."

Ariwo ẹ̀rọ dákẹ́. Sàlámì gbé bọ́tìnnì sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́.

"Jàfárù, sọ òótọ́ fún mi. Bí o bá ní kí n lọ, màá lọ nírọ̀lẹ́ yìí. Nímọ́tà lè gbé ẹ̀rọ, èmi á gbé ara mi. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Mo ti gbọ́ ọ báyìí. Ọgbọ́n ló kù, ìwọ ni mo sì fi ṣe ọgbọ́n mi. Kí n lọ, àbí kí n dúró?"

Háà! Bí ó bá ti ní "Lọ" ni! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Jàfárù wo ilé yìí, ó wo kùkúté ẹsẹ̀ tó wà lórí pẹpẹ, ojú tì í. Ó fẹ́ san oore tó ti ń jẹ ẹ́ láyà láti ọjọ́ pípẹ́, kó san án tán lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní, "Dúró. Mo ní ohun tí màá fi bẹ Bàbá, kò sì ní lè kọ̀. Bí ó bá tiẹ̀ kọ̀ pàápàá, èmi ni mo ń ṣáájú wọn. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn ọ́ lójú mi. Ìwọ ṣá dúró."

"O ti sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀."

Sàlámì bá ké sínú ilé pé, "Nímọ́tà, tú ẹrù yẹn! A ò lọ mọ́!"

Ní àárọ̀ Túsìdeè, lẹ́yìn ìrun ṣúbúhì, Jàfárù gbé ọwọ́ òsì lé orí àpótí ìdáná lẹ́yìn yàrá rẹ̀, ó sì fi àdá gé ìka ọmọńdinrín rẹ̀. Mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ó fi àkísà di ọwọ́, ó fi áńkáṣífì funfun tó mọ́ wé ìka, ó gbé e lọ bá Balógun. Àmúsà àtàwọn yòókù ti ń jókòó dè é kó wá ṣáájú wọn, típà méjì ti ń kùn lójú títì.

Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Balógun. Nígbà tí Balógun tú u, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló rí ìka náà.

Jàfárù ní, "Bàbá, ẹ bá mi dá ilé kan sí. Ilé Sàlámì aránṣọ. Òun ló pọ̀n mí. Nítorí mi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi lọ. Mi ò ní nǹkan mìíràn tí mo lè fi bẹ̀ yín."

Omi lé ròrò sójú àgbàlagbà náà, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé Jàfárù dìde, ó mú un wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Níbẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó dà bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀.

"Jàfárù, ta lo rò pé ó ra ilẹ̀ náà? Ọ̀gágun kan ni, ó wà lórí oyè. Ó wá síbí fúnra rẹ̀, kò bọ́ bàtà, kò jókòó. Ó ní bí òun bá bá ògiri kan lórí ilẹ̀ yẹn lálẹ́ òní, katapílà ni òun máa fi wá wó tèmi. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìwọ ń pè mí ní bàbá. Ta lèmi náà ń pè?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e jáde nígbà náà, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ṣáájú wọn bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe é."

Balógun mi orí. "Ẹni tó gé ìka nítorí ẹni tí à ń lọ bá jà kò lè ṣáájú ogun mọ́. Àwọn ọmọ ti rí i. Wọn ò ní tẹ̀lé ọ. Àmúsà ló máa ṣáájú wọn. Ìka yìí, mo gbà á. Ẹ̀jẹ̀ ìbúra rẹ ti san. Láti òní, o ti kúrò lábẹ́ mi, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè. Ohun tí ìka kan lè rà nìyẹn, ọmọ mi. Ara rẹ lo rà."

Jàfárù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu láti sọ̀rọ̀ ni ó gbọ́ ohùn Àmúsà níta tó ń pàṣẹ, tí ogójì ọkùnrin ń fò sínú típà.

Ó sáré jáde. Eruku ló bá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá tẹ̀lé wọn lójú ọ̀nà Ìgándò. Àkísà ọwọ́ rẹ̀ ti rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀, ìbàdí àtijọ́ náà tún bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó dá bọ́sì kan dúró, dẹ́rẹ́bà rí ẹ̀jẹ̀, ó tẹná. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé, kí ó tó tún dìde. Kò sẹ́ni tó máa pọ̀n ọ́n lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tó fi dé, ogun ti parí. Kò gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú ọgbọ̀n lọ, Àmúsà kò purọ́. Típà ti gba ọ̀nà Ìdímù lọ. Ilé mọ́kànlá ti di bíríkì àti páànù tó ká. Nímọ́tà jókòó sílẹ̀ níwájú ibi tí ẹnu ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀, Sàlámì sùn gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nímọ́tà ti fi aṣọ tí wọn kò tíì rán tán bò ó lójú. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ wà lójú títì, nínú ipa táyà típà, ibi tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jàfárù dúró. Kò sún mọ́ wọn.

Nímọ́tà gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ó ya etí aṣọ náà, ó dìde pẹ̀lú oyún rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi di ọwọ́ náà, bí obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló gé yín lọ́wọ́ báyìí?"

Jàfárù fẹ́ fa ọwọ́ náà padà. Nímọ́tà kò jẹ́.

Ó so aṣọ náà ní kókó, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Nígbà tá a gbọ́ ìró típà, mo ní ká sá. Ó ní kí n gbé omi kaná. Ó ní ẹ̀yin lẹ dé. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde lọ sójú títì lọ pàdé yín."